Ọmọ Ta Ni? Ọ̀rọ̀ Lórí Òtítọ́ ní Ẹnu Ibodè



Ní ọdún tí ó kọjá, ìyá kan nínú ìjọ wa yìí wá bá mi ní ilé Fadá lẹ́yìn Máàsì òwúrọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbà mí láyè láti sọ ọ̀rọ̀ náà fún yín, ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ilẹ̀ Òwu yìí ni a sì sin ín sí. Ẹ̀gbọ́n olóògbé náà ń gbé ní Amẹ́ríkà, ó ti di ọmọ-ìlú níbẹ̀, ó sì fẹ́ mú ọmọkùnrin tí àbúrò rẹ̀ fi sílẹ̀, ẹni ọdún 17, lọ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Ohun tí ìyá náà ń fẹ́ lọ́wọ́ mi kò tóbi lójú rẹ̀. Ó fẹ́ kí n kọ ìwé-ẹ̀rí ìrìbọmi mìíràn fún ọmọ náà, kí n sì fi orúkọ ẹ̀gbọ́n sí ibi tí orúkọ bàbá wà.

Mo ní, “Màmá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe òun ni ó bí ọmọ yìí.”

Ó wò mí bí ẹni pé àlejò ni mí ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ó ní, “Fadá, ta wá ni bàbá rẹ̀? Ta ni ó ń san owó ilé-ìwé rẹ̀ láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú? Ṣé ọmọ àbúrò ẹni kì í ṣe ọmọ ẹni ni?”

N kò kọ ìwé náà. Ó sunkún, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò bá a lọ. Ọ̀dọ̀ mi ni ó jókòó sí. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé kì í ṣe òun nìkan ni ó ń bi ara rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ yìí. Agbára káká ni a fi lè rí agbo ilé kan ní Òwu, ní Òmù-Àrán tàbí ní Èsìẹ́ tí kò ní ọmọ lẹ́yìn odi. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀ràn náà wò: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn purọ́ fún oníbodè ìlú mìíràn, nígbà tí òfin ìlú náà le, tí àìní ẹni sì pọ̀?

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé oníbodè kì í ṣe ohun tí òyìnbó gbé wá. Láyé àwọn baba ńlá wa, ìlú tí ó bá ní odi a máa ní ibodè, ibodè a sì máa ní oníbodè. Òun ni í bi àlejò pé, “Níbo ni o ti ń bọ̀? Ilé ta ni o ń lọ?” Òun náà ni í gba owó ibodè lọ́wọ́ oníṣòwò. Àlejò tí ó bá ní onílé, tí onílé náà sì jẹ́rìí sí i, a máa wọlé ní àlàáfíà. Ẹni tí kò bá lè dárúkọ ẹnikẹ́ni ni a máa ń fura sí. Ní àkókò ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí a ń kó ènìyàn lẹ́rú lójú ọ̀nà oko, ìbéèrè oníbodè ni ó gba ọ̀pọ̀ ìlú là. Kò sí ẹni tí ó pe ìbéèrè náà ní ìkà.

Ìwé ìrìnnà tí ayé ń gbé káàkiri lónìí ni kò pẹ́ tó bí a ti rò. Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, tí ó jà láti 1914 títí di 1918, ènìyàn lè rìn já ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù láìmú ìwé kankan lọ́wọ́. Lẹ́yìn ogun náà ni Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè, tí ó ṣáájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ṣe àpérò ní Paris ní 1920 láti fi ètò kan náà lélẹ̀ fún ìwé ìrìnnà gbogbo ayé. Ìbẹ̀rù ni ó bí i, gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rù ti mọ odi yí àwọn ìlú wa ká.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí pẹ̀lú àyẹ̀wò tí a ń ṣe ní pápákọ̀ òfurufú. Mo ti gbọ́ tí àgbàlagbà kan ń ráhùn pé wọ́n ní kí òun bọ́ bàtà, kí òun tú ìgbànú, kí òun ṣí fìlà, kí òun sì nawọ́ sókè níwájú ọmọdé tí òun lè bí. Ó dùn ún, ó sì yẹ kí ó dùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ó fà á. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, àwọn ọkùnrin 19 gba ọkọ̀ òfurufú mẹ́rin ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi wọ́n pa nǹkan bí 3,000 ènìyàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni ẹnìkan fi ohun abúgbàù pamọ́ sínú bàtà rẹ̀ wọ ọkọ̀ tí ń lọ láti Paris sí Miami. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006 ni àwọn ọlọ́pàá ní Lọ́ńdọ̀nù tú àṣírí àwọn tí wọ́n fẹ́ fi ìgò ohun mímu gbé ohun abúgbàù wọ ọkọ̀. Láti ìgbà náà ni a kò ti gba omi, òróró tàbí ọbẹ̀ tí ìwọ̀n ìgò rẹ̀ ju mìlílítà 100 lọ sínú àpò àfọwọ́gbé ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ ayé. Ìyá tí wọ́n gba ìgò òróró lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó ṣẹ̀, ìyá wa ni ó ń san gbèsè rẹ̀.

Ọmọ Nàìjíríà náà sì wà nínú àwọn tí ó jẹ gbèsè yìí. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2009, ọ̀dọ́mọkùnrin orílẹ̀-èdè wa kan tí ó ti gba Èkó kọjá gbìyànjú láti bú ọkọ̀ òfurufú gbàù lókè ìlú Detroit. Abúgbàù náà kò ṣiṣẹ́ bí ó ti fẹ́, àwọn èrò ọkọ̀ sì dì í mú. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, Amẹ́ríkà kọ orúkọ Nàìjíríà mọ́ orílẹ̀-èdè 14 tí a óò máa yẹ àwọn èrò wọn wò ju ti àwọn yòókù lọ. Ìwà ẹnìkan di ẹrù lórí ọ̀kẹ́ àìmọye. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìtàn náà tí n kì í lè gbàgbé. Kí Kérésìmesì náà tó dé, ní oṣù Kọkànlá, bàbá ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ilé aṣojú Amẹ́ríkà ní Àbújá láti kìlọ̀ fún wọn nípa ọmọ tí ó bí. Àwọn àgbà wa ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Bàbá náà kò dúró de òru. Ẹ wo bí òtítọ́ náà yóò ti wúwo tó lẹ́nu rẹ̀! Bí òun bá lè sọ irú rẹ̀ nípa ọmọ tí ó bí, kí ni ó yẹ kí àwa lè sọ nípa ara wa?

Nígbà tí mo ti sọ èyí, ó di dandan kí n sọ apá kejì, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé agbẹjọ́rò oníbodè ni Fadá dà. Oníbodè a máa ṣẹ̀. Ààlà tí ó ń ṣọ́ pàápàá lè ní àìṣòdodo nínú. Ní 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé jókòó ní Yúróòpù, wọ́n sì fa ìlà kan láti etí òkun lọ sí òkè. Ìlà náà ni ó mú kí Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà ní Benin lónìí, nígbà tí àwọn ìbátan wọn wà ní Nàìjíríà. Àwa Ìgbómìnà náà mọ adùn ọ̀rọ̀ náà àti ìkorò rẹ̀. Ìjọba amúnisìn ni ó pín wa, tí Ìlá Ọ̀ràngún bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn, tí Òmù-Àrán àti Ìsin sì bọ́ sí Àríwá. Títí di òní ìpínlẹ̀ méjì ni wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ara wa.

Ohun tí ó burú ju ìlà lọ ni ọwọ́ líle. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò ní ìlú. Àwọn Yorùbá oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Èjìgbò wà nínú àwọn tí ọ̀ràn náà kàn jù lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a bí sí Ghana, tí wọn kò mọ ilé mìíràn. Wọ́n ta ọjà ní ọ̀pọ̀, wọ́n fi gbèsè sílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, wọ́n sì gun ọkọ̀ lọ sí ilé tí àwọn ọmọ wọn kò rí rí. A ké ìkà nígbà náà, a sì jàre. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà fún àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti jáde, nǹkan bí mílíọ̀nù kan nínú wọn sì jẹ́ ará Ghana. Kí ni a rántí nínú rẹ̀ lónìí? Orúkọ báàgì ni. Ọdún mẹ́rin péré ṣáájú, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979, ni ECOWAS ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Dakar pé kí ọmọ-ìlú kan lè wọ ìlú èkejì fún 90 ọjọ́ láìgba físà, bí ó bá sáà ti ní ìwé ìrìnnà àti ìwé ìlera. Ẹni tí a fi ìyà jẹ lánàá kì í ṣòro fún láti di onípàṣán lónìí.

Ìjọ Mímọ́ kò dákẹ́ lórí ọ̀ràn yìí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1963, Pópù Jòhánù Kẹtàlélógún kọ́ wa nínú ìwé Pacem in Terris pé ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti ṣí lọ sí ilẹ̀ mìíràn nígbà tí ìdí tí ó tọ́ bá wà. Katikísìmù náà sọ pé ojúṣe ni fún àwọn ìlú ọlọ́rọ̀ láti gba àlejò níwọ̀n bí agbára wọn bá ti mọ, pé àwọn aláṣẹ lè fi òfin sí i nítorí ire gbogbo ènìyàn, àti pé àlejò ní láti bọ̀wọ̀ fún òfin ilé tí ó wọ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ààrò fi ń dúró: ẹ̀tọ́ àlejò, àṣẹ onílé, àti òtítọ́ láàárín àwọn méjèèjì. Bí a bá yọ ọ̀kan, ìkòkò yóò dojú dé.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ọ̀rọ̀ ìyá wa. Ó ní ọmọ àbúrò ẹni, ọmọ ẹni ni. Òtítọ́ ni ó sọ. Bí ẹ̀gbọ́n olóògbé bá dúró ní ọjà Òmù-Àrán, tí ó fa ọmọ náà lọ́wọ́, tí ó sì wí pé, “Ọmọ mi nìyí,” irọ́ kankan kò sí níbẹ̀, nítorí gbogbo ẹni tí ó gbọ́ ọ ni ó mọ ohun tí ó ń wí. Àní bí ó bá ń tẹnu mọ́ ọn pé “Ọmọ àbúrò mi ni o,” a óò wí pé ó ń ya ilé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í dá dúró. Ó wà láàárín ẹni tí ń sọ ọ́ àti ẹni tí ń gbọ́ ọ. Ìwé tí wọ́n ń kọ ní Amẹ́ríkà kò béèrè ẹni tí ń bọ́ ọmọ. Ó béèrè ẹni tí ó bí i, tàbí ẹni tí ó gbà á ṣọmọ ní ìlànà òfin. Òfin wọn fún ọmọ-ìlú láyè láti bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ tàbí aya rẹ̀, fún ọmọ rẹ̀, fún òbí rẹ̀, fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀. Kò dárúkọ ọmọ àbúrò. Ẹni tí ó bá kọ “ọmọ mi” síbẹ̀ mọ̀ dájú pé òye tí akọ̀wé yóò ní kì í ṣe òye tiwa, ó sì fẹ́ kí akọ̀wé náà ṣì í lóye. Ibẹ̀ gan-an ni irọ́ ń gbé. Kì í ṣe inú ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ń gbé, bí kò ṣe inú ìfẹ́ ọkàn wa láti mú kí ẹlòmíràn gba ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́. Òfin Kẹjọ kò sọ pé ará ilé ẹni nìkan ni a kò gbọdọ̀ jẹ́rìí èké fún.

Ẹnìkan lè wí pé, “Fadá, irọ́ tí ó ran ènìyàn lọ́wọ́ ńkọ́?” Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ láyé. Àgọ́sítìnì Mímọ́, ọmọ Áfíríkà, kọ ìwé méjì lórí irọ́ pípa. Nínú ọ̀kan ó sọ ìtàn Firmus, Bíṣọ́ọ̀bù Thagaste, ìlú tí a ti bí Àgọ́sítìnì fúnra rẹ̀. Firmus fi ọkùnrin kan pamọ́, àwọn ìránṣẹ́ ọba sì wá a wá. Ó dá wọn lóhùn pé òun kò lè purọ́, òun kò sì lè fi ọkùnrin náà hàn. Wọ́n jẹ ẹ́ níyà, kò yẹ̀. Nígbẹ̀yìn wọ́n mú un dé iwájú ọba, ìdúróṣinṣin rẹ̀ sì wú ọba lórí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dárí jì ẹni tí ó fi pamọ́.

N kò gbàgbé pé ní Budapest ní 1944, ìwé-ẹ̀rí ìrìbọmi bọ́ sí ọwọ́ àwọn Júù tí a kò rì bọmi, kí àwọn tí ń wá wọn pa má baà rí wọn mú. N kò ní ẹnu láti dá àlùfáà tí ó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Ẹni tí ó mú idà dúró lẹ́nu ọ̀nà kò ní ẹ̀tọ́ sí òtítọ́ tí yóò fi pa aláìṣẹ̀, àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run sì ń jiyàn lé e lórí títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rù láti fi ọ̀ràn tiwa wé tiwọn. Ọmọ wa yìí kò sá fún idà. Ayé tí ó gbòòrò ni ó ń wá, kò sì burú. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tí ó bi í léèrè bàbá rẹ̀ kì í ṣe apànìyàn.

Ìdí mìíràn wà tí ó wúwo lọ́kàn mi ju gbogbo èyí lọ. Bí mo bá kọ ìwé náà, ta ni n bá pa rẹ́? Bàbá ọmọ náà ni. Ọkùnrin tí ó gbé e wá sí ibi omi ìrìbọmi, tí ó dáhùn nígbà tí a béèrè orúkọ rẹ̀, ìyẹn ni n bá fi kálámù sin lẹ́ẹ̀kejì. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ìwé tí ọmọ náà bá fọwọ́ sí láyé ni yóò máa sẹ́ ẹni tí ó bí i, yóò sì máa bẹ̀rù ọjọ́ tí ẹnìkan yóò mọ̀. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òfin Amẹ́ríkà sì sọ pé ẹni tí ó bá fi irọ́ wá físà lè di ẹni tí a ti ìlẹ̀kùn mọ́ títí ayé, àfi bí wọ́n bá ṣàánú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ṣókí kún un nípa àwọn irọ́ kéékèèké tí a kì í kà sí irọ́. Káàdì aláwọ̀ ìyeyè tí ó ń jẹ́rìí sí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ wà fún ẹ̀mí ènìyàn. Ẹni tí ó bá rà á láìgba abẹ́rẹ́ lè gbé ikú wọ ìlú ẹlòmíràn. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo sì ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni láti 2016. Kí a sáà gbà á ní ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán ṣáájú ìrìn-àjò. Ẹ má ṣe wí pé ẹ̀yin ni ẹ di ẹrù yín bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ẹ má sì ṣe bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù tí ẹ kò tú wò, ìbáà jẹ́ èlùbọ́ tàbí ẹ̀gúsí. Ẹni tí ó ń fi ẹrù rán ọmọ yín kò ní bá a jókòó ní àtìmọ́lé. Bí wọ́n bá sì béèrè bóyá ẹ gbé oúnjẹ dání, ẹ sọ ọ́. Ohun tí a bá jẹ́wọ́, bí kò bá bá òfin mu, wọn a gbà á. Ohun tí a bá fi pamọ́, wọn a gbà á, wọn a sì tún bu owó ìtanràn lé e.

Èmi tí ń sọ̀rọ̀ yìí kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo ti dé ibodè kan rí ní orí ilẹ̀, ìwé mi pé, síbẹ̀ ẹni tí ó gbà á ní kí n fi nǹkan sílẹ̀. Àwọn èrò ọkọ̀ ń pariwo pé ilẹ̀ ń ṣú. Mo san án. Póòlù Mímọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ nà án ní Jerúsálẹ́mù: ó bi balógun wọn bóyá ó tọ́ láti na ọmọ-ìlú Róòmù láìṣe ìdájọ́ rẹ̀, ẹ̀rù sì ba ọ̀gá balógun náà. Kí a di ẹ̀tọ́ ẹni mú pẹ̀lú òtítọ́ kì í ṣe ìgbéraga. Mo ti jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe níbi tí ó yẹ, mo sì sọ ọ́ fún yín kí ẹ lè mọ̀ pé mo mọ bí ibodè ti í rẹ ènìyàn tó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìyá wa padà wá, òun àti ọmọ náà. A jókòó, a sì kọ ohun tí ó jẹ́ òtítọ́: pé bàbá rẹ̀ ti kú, pé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni ó ń tọ́ ọ. Òfin kan náà tí kò gbà kí ẹ̀gbọ́n yìí pè é ní ọmọ gbà kí ó san owó ilé-ìwé gíga rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n bàbá, bí ilé-ìwé náà bá gbà á, tí aṣojú ìjọba wọn sì fún un ní físà. Ọ̀nà náà gùn, n kò sì ṣe ìlérí fún wọn pé yóò já sí rere. Títí di òní, ọmọ náà wà ní Ìlọrin, ó ń kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sì ń fi owó ránṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ó lọ lọ́dún tí ń bọ̀. Ó sì ṣeé ṣe kí ó má lọ.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ ní ọjọ́ náà, ọmọ náà ní òun fẹ́ rí ìwé àkọsílẹ̀ ìrìbọmi. Mo ṣí i fún un. Ó fi ìka tọ orúkọ bàbá rẹ̀, ó kà á sókè, ó sì tún un kà. Ìyá rẹ̀ kò sọ ohunkóhun. Ẹ bá mi gbàdúrà fún wọn, àti fún gbogbo àwọn tí ń dúró ní ẹnu ibodè lónìí, àti fún àwọn tí ń ṣọ́ ọ.